Ilé ni Àbọ̀ Sinmi Oko: Iṣẹ́ Òbí Lẹ́yìn Ọmọ Tí Ó Lọ sí Ogun Bọ́mà

Ẹni tí ó bá mọ Èkó dáadáa yóò mọ bárékè àwọn ṣọ́jà tí a ń pè ní Arakan ní Àpápá, yóò sì mọ èyí tí a ń pè ní Myohaung ní Yábàá. Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn yóò mọ Letmauk ní Mọ́kọ́lá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gba iwájú àwọn bárékè wọ̀nyí kọjá láìmọ̀ pé orúkọ ojú ogun ni àwọn orúkọ náà, ní ilẹ̀ Bọ́mà, èyí tí a ń pè ní Myanmar lóde òní. Ní 1944 àti 1945 ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wa jà níbẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn sì sùn síbẹ̀. A fi orúkọ ibi tí ọmọ ti jà sọ bárékè kí a má baà gbàgbé. Ṣùgbọ́n kí ni ó wà tí yóò máa rán wa létí ilé tí ọmọ náà ti jáde, àti baba àti ìyá tí ó jókòó sílé tí wọ́n ń ka oṣù?

Àwọn òpìtàn ti kọ̀wé púpọ̀ nípa àwọn ọ̀gágun ogun náà, nípa ìbọn wọn àti àwọn odò tí wọ́n là kọjá. Èrò tèmi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ogun Bọ́mà ní apá kan tí a jà ní ilé, àti pé àwọn òbí ni ó jà á. Iṣẹ́ wọn ni láti rí i pé àyè ọmọ kò dí nínú ilé ní gbogbo ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ fi wà ní ẹ̀yìn òkun, kí ó lè rí ibi padà sí bí ogun bá tán. Iṣẹ́ yìí kò rọrùn rárá, nítorí pé àwọn baba tí ó bí wọn kò rí irú rẹ̀ rí débi tí wọn ì bá fi kọ́ wọn.

Kí a lè mọ bí ọ̀ràn náà ti ṣàjèjì tó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bojú wo ogun àtijọ́ díẹ̀. Nígbà ogun Kírìjí, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká ní ibùdó wọn títí di 1893, Ìbàdàn pàgọ́ sí Ìgbájọ, Èkìtì Parapọ̀ sì pàgọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ogun náà le, ó sì pẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lè gbé ènìyàn dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ológun tí gbogbo agbo ilé mọ̀ ni ọmọkùnrin ń tẹ̀ lé lọ sí ogun. Àwọn obìnrin ń dáná ní ibùdó, àwọn oníṣòwò sì ń gbé ọjà lọ síbẹ̀. Bí ọta bá ba ọmọ, ìròyìn kì í pẹ́ kí ó tó délé. Bí ó bá kú, tí a kò sì lè gbé òkú rẹ̀ wá, àṣà àwọn baba wa ni kí a gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wá sí ilé, kí àwọn ẹbí lè rí ohun tí wọn yóò sin. Nípa bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ òkú, ì báà jẹ́ ààyè, ọmọ kì í já bọ́ kúrò lọ́wọ́ ilé.

Ogun Hítílà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn wa ti máa ń pe Ogun Àgbáyé Kejì, ni ó já okùn náà. Ní 1940, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà kan wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kẹ́ńyà láti bá àwọn ará Ítálì jà. Wọ́n wọ Mogadishu ní oṣù kejì 1941, wọ́n wọ Harar ní oṣù kẹta, nígbà tí yóò sì fi di oṣù kẹrin, Addis Ababa ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì. Ní 1943, a kó àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia jọ, a sì fi wọ́n dá ẹgbẹ́ ogun ńlá méjì sílẹ̀, Dífíṣọ̀n 81 àti Dífíṣọ̀n 82. Láti Íńdíà ni wọ́n ti wọ Bọ́mà lọ bá àwọn ará Japan jà. Àwọn ará Dífíṣọ̀n 81 fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà tí ó gùn tó máìlì 75 gba orí òkè, láti Chiringa dé Daletme, kí wọ́n tó lè wọ àfonífojì odò Kaladan. Nínú igbó yẹn, ọkọ̀ òfurufú ni ó ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti òkè, orí sì ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Ẹgbẹ́ mìíràn, tí gbogbo àwọn ológun ìbọn rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà, bá àwọn ọmọ ogun Wingate lọ sí ẹ̀yìn àwọn ọ̀tá pátápátá. Ìyá wo ni yóò gbé oúnjẹ ọmọ rẹ̀ dé irú ibẹ̀?

Ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí a kíyèsí. Àwọn ará Òkè Ọya ni ìjọba amúnisìn fẹ́ràn jù láti gbé ìbọn lé lọ́wọ́, èdè Hausa ni ó sì gbilẹ̀ jù láàrin àwọn ṣọ́jà. Ṣùgbọ́n ogun ìgbàlódé ń fẹ́ akọ̀wé, awakọ̀, kápẹ́ńtà, àti ẹni tí yóò máa ran dókítà lọ́wọ́. Fún irú iṣẹ́ wọ̀nyí ni a fi gba púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá. Ẹ rò ó wò: owó kòkó àti owó ọjà tí òbí ti fi rán ọmọ lọ sí ilé ìwé kí ó lè jókòó nídìí tábìlì ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, òun gan-an ni ó sọ ọmọ náà di ẹni tí ológun ń wá.

Iṣẹ́ kìíní tí ó já lé òbí léjìká, nígbà náà, ni láti mọ bí òun yóò ti dáhùn sí ìpinnu tí a ti ṣe láìsí òun níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí òfin fi ipá mú. Àwọn mìíràn fi ara wọn sílẹ̀ nítorí owó oṣù, nítorí pé wọ́n fẹ́ rí ayé, tàbí nítorí pé ẹgbẹ́ wọn lọ. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Nínú ìwé tí ó kọ nípa ìrírí rẹ̀, èyí tí a tẹ̀ ní 1999, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun kò fi ọ̀ràn náà lọ àwọn òbí òun kí òun tó ṣe é.

Kí ni kí òbí ṣe sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Bí ó bá bínú, tí ó kọ̀ tí kò súre, tí ohun burúkú sì ṣẹlẹ̀ sí ọmọ, kò ní lè dárí ji ara rẹ̀ láéláé. Bí ó bá súre, ó dàbí ẹni pé òun ni ó rán ọmọ lọ. Àwọn àgbà wa ní ọgbọ́n kan tí ó yanjú ọ̀ràn yìí. Wọ́n mọ̀ pé ìwúre kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ènìyàn lè kórìíra ìrìn àjò kí ó sì súre fún arìnrìn-àjò. Nítorí náà ni a fi ń mú obì, orógbó, ataare àti omi tútù jáde; nítorí náà ni a fi ń bọ orí ọmọ kí ó tó jáde nílé; nítorí náà ni àlùfáà Mùsùlùmí fi ń di tírà fún un, tí ìyá ọmọ Kristi sì ń ka Sáàmù sí i létí. Ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: bí o tilẹ̀ lọ láìbi wá léèrè, tiwa ni ọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìdákẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà nìkan ni okùn tí ó kù láàrin ilé àti ojú ogun, okùn náà kò sì lágbára. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí ni kò mọ ìwé. Ọ̀pọ̀ àwọn ṣọ́jà pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ tí ó mọ ìwé ni yóò bá ọmọ kọ tirẹ̀ ní Íńdíà, akọ̀wé àdúgbò tàbí ọmọ ilé ìwé ni yóò sì kà á fún ìyá rẹ̀ nílé, yóò sì bá a kọ èsì. Láàrin àwọn méjèèjì ni àwọn ọ̀gá ológun wà, tí wọ́n ń tú lẹ́tà wò, tí wọ́n sì ń pa ohunkóhun tí ó bá lè fi ibi tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun wà hàn rẹ́. Nígbà náà, ẹnu mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ọ̀rọ̀ ìyá gbà kọjá kí ó tó dé etí ọmọ rẹ̀. Ohun tí ènìyàn lè sọ níwájú gbogbo àwọn wọ̀nyí kò pọ̀: ara le, ilé dára, ẹni báyìí bímọ, ẹni báyìí kú, òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé lè fojú tẹ́ńbẹ́lú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ pé kò ní ìtàn nínú. Ní tèmi, òun ni lẹ́tà tí ó dára jù tí a lè kọ sí ẹni tí ó wà nínú igbó Kaladan, nítorí pé ó sọ fún un pé ilé ṣì dúró níbi tí ó fi í sí, àti pé a ṣì ń ròyìn ilé fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ará ilé.

Owó náà jẹ́ okùn. Ṣọ́jà lè ní kí ìjọba máa yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀ fún baba, ìyá tàbí aya rẹ̀ nílé. Ẹni tí kò bá mọ bí agbo ilé ti rí lè rò pé èyí kò le. Ṣùgbọ́n bí orúkọ ìyá bá wà lórí ìwé, kí ni aya yóò jẹ? Bí orúkọ aya bá wà níbẹ̀, ta ni yóò san owó ilé ìwé àbúrò? Òbí tí ó gba owó ọmọ, tí ó pín in láìsí ìjà, tí ó sì fi díẹ̀ pa mọ́ de onítọ̀hún, ti ṣe iṣẹ́ tí kò kéré sí ti akápò. Bí owó bá tán kí olówó tó dé, inú lè bàjẹ́ láàrin òbí àti ọmọ ju bí ogun ti lè bà á jẹ́ lọ.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí a rò pé ìjọba tí ó kó ọmọ lọ dá ilé sí. Ọjà wọ́n gógó nígbà ogun. Ní Èkó, ìjọba gbé ètò kan kalẹ̀ lábẹ́ Captain Pullen láti máa fi iye kan pàtó sí orí gàrí àti oúnjẹ mìíràn, iye náà kò sì tó èyí tí ọlọ́jà fi rà á. Àwọn obìnrin ọjà, tí Alimotu Pelewura jẹ́ olórí wọn, kò gbà. Ní Abẹ́òkúta, àwọn agbófinró ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn aláte. Ìwà yìí wà lára ohun tí ó bí ìbínú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn ní 1947 àti 1948. Nínú ọ̀pọ̀ ọjà bẹ́ẹ̀, ìyá ṣọ́jà lè wà láàrin àwọn tí ń kígbe. Ọmọ rẹ̀ ń jà fún ìjọba ní Bọ́mà. Ìjọba kan náà ń já ìgbá lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé. Síbẹ̀, nínú ohun tí ó bá kù nínú ìgbá yẹn ni yóò ti bọ́ àwọn àbúrò, ni yóò sì ti fi díẹ̀ dúró de ẹni tí ó lọ.

Èyí tí ó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìgbà tí ìròyìn bá dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta 1944, àwọn ará Japan ba ní ibùba de ẹgbẹ́ olùtọ́jú aláìsàn tí Isaac Fadoyebo wà nínú rẹ̀ ní etí odò Kaladan. Ọta ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bà á ní ikùn. Àwọn tí ó kù nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kò lè padà wá wò ó. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ni ó ṣẹ́kù láàyè nínú igbó náà, àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu, ó fún wọn ní oúnjẹ, ó sì fi wọ́n pamọ́ sínú ilé ara rẹ̀. Títí di oṣù kejìlá ọdún náà ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, kò sí lẹ́tà kankan tí ó lè ti ọwọ́ Isaac dé Èmùrè-Ilé. Nígbà tí a bá ka ìtàn yìí, ọkàn wa máa ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó wà nínú igbó. Ó yẹ kí ó lọ sí Èmùrè-Ilé pẹ̀lú, nítorí pé Isaac mọ̀ pé òun wà láàyè, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ kò mọ̀. Shuyiman ni ó ṣe fún ọmọ wọn ohun tí wọn ì bá ṣe bí ọwọ́ wọn bá tó o. Kí Isaac tó kú ní 2012, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips bá a mú lẹ́tà ọpẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ Shuyiman ní Bọ́mà. Lẹ́tà tí ó pẹ́ ní ojú ọ̀nà ni, ṣùgbọ́n ó dé.

Ọmọ elòmíràn kò padà. Peter Adéníyì Thomas, ọmọ ìdílé ńlá kan ní Èkó, wọ iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1942 ó di ọ̀gá nínú rẹ̀, ó sì di awakọ̀ òfurufú. Jàǹbá ọkọ̀ òfurufú pa á ní oṣù kìíní 1945, nígbà tí ogun ń lọ sí òpin. Òun ní ibojì. Ní Taukkyan, nítòsí Yangon, ọwọ̀n òkúta wà tí a kọ orúkọ àwọn ọmọ ogun tí kò ní ibojì sí, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000; orúkọ àwọn ọmọ Nàìjíríà wà láàrin wọn. Òkúta yẹn dára, ìwé rẹ̀ sì hàn ketekete, ṣùgbọ́n kò sí irun, kò sí èékánná. Ìyá tí ó jókòó ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Ọ̀ṣun kò ní ohun tí yóò sin. Báwo ni ó ṣe fẹ́ mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí òun dẹ́kun ìretí? Ìbéèrè yìí ni ogun òkèèrè kọ́kọ́ gbé ka iwájú àwọn òbí wa, àṣà àtijọ́ kò sì ní ìdáhùn tí ó tó o.

Àwọn tí ó yè bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ogun tán ní oṣù kẹjọ 1945, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi kò tó, 1946 sì bá ọ̀pọ̀ wọn níbi tí wọ́n ti ń retí ọkọ̀ ní Íńdíà. Ìjọba ṣe òfin ní 1945 pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti ogun bọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò kárí. Ibí ni a ti rí èrè ìfaradà àwọn òbí. Ẹni tí baba rẹ̀ kò jẹ́ kí a pín ilẹ̀ tirẹ̀, ẹni tí ìyá rẹ̀ fi owó díẹ̀ pa mọ́ dè, ẹni tí aya rẹ̀ ṣì wà nínú ilé, ó ní ibi tí yóò gbé orí lé nígbà tí ọ́fíìsì ìjọba bá ní kí ó padà wá lọ́la. Ẹni tí wọ́n ti sọ pé ó kú, tí a ti pín ohun ìní rẹ̀, ogun mìíràn ni ó bá nílé. Isaac padà sí ilé ní 1945, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tiro. Ó sì ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi di àgbà.

Láti ìgbà náà, ìrìn àjò àwọn ọmọ ogun wa kò dáwọ́ dúró. Ní 1960, ọdún òmìnira gan-an, wọ́n lọ sí Kóńgò lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé; níbẹ̀ ni Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ti gba àmì ẹ̀yẹ Military Cross. Ní 1990 wọ́n lọ sí Làìbéríà. Àwọn ọmọ tí a bí sí ìlú Òyìnbó tàbí tí ó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ń wọ iṣẹ́ ológun àwọn ìlú náà. Láàrin 2009 àti 2016, àwọn ológun Amẹ́ríkà ní ètò kan tí wọ́n fi ń gba àwọn àlejò tí ó gbọ́ àwọn èdè tí wọ́n nílò, èdè Yorùbá sì wà nínú àwọn èdè náà. Ọmọ tí ó wà ní ibùdó ogun lónìí lè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò sì sí akọ̀wé láàrin wọn.

Ohun èlò ti yí padà. Iṣẹ́ náà kò yí padà. Òbí tí ọmọ rẹ̀ tí ó ti dàgbà gbé àpò ṣọ́jà kọ́ èjìká kò lè bá a lọ, kò sì lè dá a dúró. Ohun tí àwọn òbí ìgbà ogun Bọ́mà fi hàn wá ni pé mẹ́rin péré ni ohun tí ó kù ní ọwọ́ òbí: kí ó súre bí inú rẹ̀ kò tilẹ̀ dùn, kí ó máa ròyìn ilé fún ọmọ láìdákẹ́, kí ó ṣọ́ ohun ìní rẹ̀ bí ẹni ṣọ́ ẹyin, kí ó má sì tètè pa ilẹ̀kùn dé. Bí ẹ bá tún kọjá níwájú Arakan tàbí Letmauk, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ rántí àwọn tí ó jà. Bí àgbàlagbà kan bá sì kù ní agbo ilé yín tí baba tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ogun náà, ẹ bi í léèrè ẹni tí ó dúró de onítọ̀hún nílé, kí ẹ sì kọ orúkọ onítọ̀hún sílẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù.